Ìyá Fáìlì àti Ilẹ̀ Tí Kì Í Mì

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbáko ni obìnrin kan fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ní ọ́fíìsì káńsù, débi pé àwọn èèyàn ti gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Fáìlì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Yàrá náà wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, eruku ibẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n lójú. Ẹni tó bá ń wá ìwé ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ rà, ẹni tí ògiri aládùúgbò rẹ̀ bá ti wọ inú ọgbà rẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Fáìlì ni yóò wá. Á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà tán, á dijú díẹ̀, á ní, "Pẹpẹ kẹta, lápá òsì, fáìlì aláwọ̀ ewé." Ibẹ̀ náà ni wọn yóò ti bá a. Kò fẹ́ràn ìpàdé, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife tíì lé orí ìwé. Yàtọ̀ sí èyí, kò bá ẹnì kan jà rí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n fi lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Lẹ́tà náà ní láti ọjọ́ yẹn lọ, òun ni olórí ẹ̀ka tuntun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fa àwọn ilé-iṣẹ́ wá sí agbègbè wọn. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó yí i sẹ́yìn bóyá orúkọ ẹlòmíì wà níbẹ̀. Ni ó bá gbé e lọ bá alága káńsù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó jọ pé wọ́n ṣì í kọ ni."

Alága, ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ kan tó máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé lẹ́yìn, ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Wọn ò ṣì í kọ o. Gbogbo ọ̀dọ́ tó mọ̀wé ti sá lọ sílùú ńlá. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí gbogbo ilẹ̀ wa wà. Ẹ pè wọ́n wá."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n, sà?"

"Bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n náà ni."

Ìyá Fáìlì dúpẹ́, ó sì jáde. Ìgbà tó dé ẹnu ọ̀nà ló tó bi ara rẹ̀ pé kí ni òun ń dúpẹ́ lé lórí gan-an.

Kì í kúkú ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ò kan òun alára. Ọdún kọkànlá rèé tí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti kógbá sílé, látìgbà náà ni ìlú sì ti ń rù bí ẹni tí àìsàn ń ṣe. Ilé tí wọ́n tì pa pọ̀ ju èyí tí wọ́n ṣí lọ. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó ti parí ẹ̀kọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, ń bẹ nílé, ó ń to ìwé ìwáṣẹ́ jọ bí ẹní ń to búrẹ́dì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, awakọ̀ àjàgbé tí wọ́n ń pè ní Máṣojo, ń gbé òkúta ní ibi ìfọ́kùúta tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ ò sì tó ọjọ́ tí kò rí.

Ó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ káfíńtà. Ọkùnrin náà ń fá pákó lọ́wọ́.

"Ìyá wọn, kí ló le níbẹ̀? Tí mo bá fẹ́ kí oníbàárà yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, àga tó dáa jù ni mo máa gbé síta. Ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ ní síta."

"Kí wá la ní?"

Ọkọ rẹ̀ dá ìfági dúró. Ó ronú títí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fá pákó.

Ìyá Fáìlì ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó sì ń rìn kiri ìlú bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Ó kọ ibi ìfọ́kùúta sílẹ̀. Ó kọ ilé ìwé méjì, ilé ìwòsàn kan tí dókítà rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, odò kan tó ń gbẹ díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó jókòó táípù lẹ́tà, ó fi ránṣẹ́ sí ogójì ilé-iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn ń kí ògiri.

Ìdáhùn kan ṣoṣo tó padà wá ló tún wá da orí rẹ̀ rú pátápátá. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe òṣùwọ̀n ló kọ ọ́. Wọn ò béèrè iná mànàmáná, wọn ò béèrè omi, wọn ò béèrè iye òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé: ọkọ̀ akẹ́rù mélòó ló ń gba ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kọjá láàárín wákàtí kan? Ṣé ẹ̀rọ ńlá kankan wà tó ń lu ilẹ̀? Ṣé òkúta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ yín ni àbí ẹrọ̀fọ̀?

Alága ka lẹ́tà náà, inú rẹ̀ dùn dé eyín. "Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ìlú wa ń jí! Ẹ kọ ọ́ pé àjàgbé pọ̀ níbí bí eṣú."

"Sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà wọ́n."

Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tọ́jú ìwé kì í kọ ohun tí kò rí. Ó gbé àpótí ìjókòó lọ sí oríta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlú, ọjọ́ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń fa ìlà fún gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá. Àwọn èèyàn ní iṣẹ́ tuntun náà ti sín in ní gbẹ́rẹ́ wèrè. Ní ọ̀nà ibi ìfọ́kùúta, ìlà kún ojú ewé mẹ́ta. Ní ọ̀nà ìlà-oòrùn, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ti wà tẹ́lẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere méjì àti ewúrẹ́ kan ló kọjá. Ó bojú wo ìwé rẹ̀, ojú tì í fún ìlú náà, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: àjàgbé, òfo.

Alága tún ojú ewé àkọ́kọ́ kọ, ó kó eṣú rẹ̀ sí i. Kò ráyè ka àwọn ojú ewé tó kù. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn àlejò ní àwọn ń bọ̀. Alága ò sùn, kò wo. Ó ní gbogbo àjàgbé tó wà nílùú gbọ́dọ̀ jáde. Máṣojo àti awakọ̀ mọ́kànlá mìíràn fọ ọkọ̀ wọn, wọ́n kó òkúta kún un bámú, wọ́n sì ń yí ká iwájú ọ́fíìsì káńsù láti aago mẹ́jọ àárọ̀, tí wọ́n ń fun fèrè pòò-pòò. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá méjì síta, wọ́n tàn án, kí àlejò lè mọ̀ pé iná ò lè wọ́n àwọn. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ èèyàn.

Èèyàn méjì ló sọ̀ kalẹ̀: obìnrin ẹnjiníà kan tó wọ gíláàsì, tí irun rẹ̀ ti ń funfun, àti ọkùnrin gíga kan tó gbé àpótí kékeré mọ́ àyà bí ọmọ ìkókó. Wọn ò wo àjàgbé. Wọ́n gbé àpótí náà sórí ilẹ̀, wọ́n ṣí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń kọ ìlà sórí bébà, abẹ́rẹ́ náà sì ń jó bí ẹni tí èèrùn wọ ẹ̀wù rẹ̀.

Ojú obìnrin náà fà ro.

Alága rí i, ó sì rò pé ohun tí àwọn ṣe ò tó. Ó juwọ́ sí Máṣojo pé kí wọ́n tún yára sí i. Máṣojo tẹ ọkọ̀, ó fun fèrè, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tó, bẹ́ẹ̀ lojú àlejò ń fà ro tó. Ìyá Fáìlì dúró láàárín, ó ń wo ìhín, ó ń wo ọ̀hún. Ó mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ déédéé, kò sì mọ ohun tí nǹkan ọ̀hún jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì ń bára wọn sọ̀rọ̀, tí ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ òjò, tí èkejì ń dáhùn nípa bàtà.

Ẹnjiníà náà fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì rẹ̀. "Mà, ta ló ka àwọn ọkọ̀ yìí?"

Ìyá Fáìlì wo ìwé náà. "Èmi ni, mà."

"Ẹ̀yin fúnra yín? Ẹ jókòó síbẹ̀?"

"Mo jókòó, mà. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ má bínú."

"Ibi tí ẹ kọ òfo sí yìí ńkọ́?"

"Ẹ dákun mà, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń mú àlejò lọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ẹ mú wa débẹ̀."

Ni àwọn mẹ́ta bá rọra kúrò láàárín ariwo. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ kọjá, níbi tí koríko ti dé èèyàn ní ìbàdí, wọ́n dé orí pápá kan tí òkúta rẹ̀ yọrí síta ní ibi gbogbo. Ìyá Fáìlì ń tọrọ àforíjì ní gbogbo ọ̀nà: nítorí koríko, nítorí ọ̀nà tí kò dáa, nítorí ògiri tó wó. Ọkùnrin gíga náà gbé àpótí sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ mì lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó fa ìlà kan tó tọ́ bí okùn tí wọ́n ta. Wọ́n jókòó ti ìlà yẹn fún odidi wákàtí kan, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ìyá Fáìlì fẹ́ wúkọ́, ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè, Ìyá Fáìlì sì gbé ikọ́ náà mì.

Nígbà tó yá, ẹnjiníà yọ gíláàsì rẹ̀, ó nu ojú. "Ọdún méjì la ti ń wá ibi tó rí báyìí."

Ó wá ṣàlàyé. Òṣùwọ̀n tí àwọn ń ṣe kì í ṣe ti ọjà. Èyí tí wọ́n fi ń wọn oògùn ni, oògùn tí ìwọ̀n rẹ̀ ò tó ẹyọ iyọ̀ kan. Tí àjàgbé kan bá kọjá níbi tó jìn tó ogún ilé, ilẹ̀ á gbọ̀n, òṣùwọ̀n á sì purọ́.

Ìyá Fáìlì gbọ́, ó tún gbogbo rẹ̀ rò lẹ́yọ-lẹ́yọ. "Mà, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kó má sí nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èyí tí a ò ní yẹn gan-an lẹ fẹ́ rà?"

"Òun gan-an ni."

Ìyá Fáìlì tún wo abẹ́rẹ́ náà. Látọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì gbọ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà ò rí ibi jókòó.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wàhálà tó dé. Lẹ́tà méjì wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olóṣùwọ̀n. Wọ́n ní àwọn ṣe tán. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àwọn máa gbà síṣẹ́, àwọn á sì kọ́ wọn níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n káńsù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ akẹ́rù kankan ò ní gba ọ̀nà ìlà-oòrùn fún ogún ọdún. Wọ́n á ri ọ̀pá irin mọ́ ẹnu ọ̀nà, tó máa ga tó kí ọkọ̀ kékeré kọjá lábẹ́ rẹ̀, tí àjàgbé ò sì ní lè gbà á. Ilé-iṣẹ́ ńlá mìíràn ò sì gbọ́dọ̀ wá sítòsí.

Ìkejì wá láti ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan, ọ̀kan nínú ogójì tó kọ̀wé sí. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé ìdáhùn àwọn pẹ́. Wọ́n ní àwọn lè gba ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ bó bá tó ọdún méjì sí i, bí káńsù bá lè la ọ̀nà ìlà-oòrùn fẹ̀ fún àjàgbé. Ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ wà gan-an ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Ìyá Fáìlì tẹ́ lẹ́tà méjèèjì sórí tábìlì. Ó gbé èyí sápá ọ̀tún, ó gbé tọ̀hún sápá òsì, ó pààrọ̀ wọn. Láyé rẹ̀, kò sí ìwé tí kò mọ fáìlì tó yẹ kó wọ̀. Méjì yìí, kò mọ̀.

Máṣojo gbọ́, ó sì sáré wá bá a nílé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ní! Ẹ rò ó wò, àjàgbé mélòó ló máa gbé bisikíìtì èèyàn ọ̀ọ́dúnrún? Èmi nìkan á ní iṣẹ́ tí mo máa ṣe dàgbà."

"Ọdún méjì sí i ni wọ́n wí. Wọ́n ní 'bó bá'. Àwọn tọ̀hún ní 'a ṣe tán'."

"Àwọn tọ̀hún ní ká dènà mọ́ mi! Ta ló gbọ́ ọ rí, pé kí ìlú máa wáṣẹ́ kó máa dènà mọ́ awakọ̀?"

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ń gbọ́ wọn láti inú ilé. Ìwé ìwáṣẹ́ tó kọ sí àwọn olóṣùwọ̀n ti wà nínú àpò ìwé, ó ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá Fáìlì rí i lórí àga. Ó wo àpò ìwé, ó wo àbúrò rẹ̀, ó sì wọlé lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ní ìpàdé káńsù, ariwo sọ. Káńsílọ̀ kan ní èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ò tó èrò mọ́tò kan. Òmíràn ní ẹyẹ tó wà lọ́wọ́ sàn ju méjì tó wà lórí igi lọ. Ẹnì kan tiẹ̀ dìde pé kí wọ́n gba méjèèjì, kí wọ́n ní kí àwọn àjàgbé bisikíìtì máa rọra tẹ ilẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ ṣì wà níbi tó wà. Alága, tí òógùn ti bò, kọjú sí i.

"Ìyá Fáìlì, ẹ̀yin lẹ pè wọ́n wá. Kí ni ká ṣe?"

Ó dìde. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ó ti kọ nǹkan sílẹ̀ láti àná, ṣùgbọ́n nígbà tó wò ó, ó rí i pé ìdajì ojú ewé náà ń ti àwọn olóṣùwọ̀n lẹ́yìn, ìdajì kejì ń ti bisikíìtì lẹ́yìn.

"Mi ò mọ̀, sà," ni ó wí. "Mo ti wò ó títí, orí mi ò gbé e. Ọmọ mi wà ní apá kan, àbúrò mi wà ní apá kejì, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Ohun tí mo lè ṣe ni pé kí n ka lẹ́tà méjèèjì fún yín bí wọ́n ṣe kọ wọ́n, láìfo ọ̀rọ̀ kankan."

Ó sì kà wọ́n. Ó kà wọ́n wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, ó sì jókòó. Wọ́n dìbò: méje fara mọ́ òṣùwọ̀n, mẹ́fà fara mọ́ bisikíìtì. Títí dòní, ẹlòmíì ní ohùn rẹ̀ ló rọ̀ nígbà tó dé ibi "a ṣe tán". Òun fúnra rẹ̀ ò lè búra pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà, ilé pẹlẹbẹ funfun kan. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ wọlé síṣẹ́ níbẹ̀. Ìtìjú díẹ̀ ni Ìyá Fáìlì fi ń dáhùn nígbà tí wọ́n bá kí i kú oríire, nítorí pé ẹni tó ń kí i lè jẹ́ ẹni tí tirẹ̀ ò wọlé. Wọ́n ri ọ̀pá irin mọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ kì í kọjá níbẹ̀ tí wọn ò pòṣé.

Àwọn oníbisikíìtì lọ sí agbègbè kejì. Wọ́n dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀ọ́dúnrún di ọgọ́fà, ọgọ́fà náà sì ń pọ̀ sí i, ó ń dín kù, bí ọjà bisikíìtì bá ṣe rí. Ẹni tó fẹ́ bínú rí ìdí tó fi lè bínú, ẹni tó fẹ́ yọ̀ náà rí tirẹ̀. Máṣojo ríṣẹ́ níbẹ̀. Oṣù méjì kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, oṣù kẹta ó ránṣẹ́ pé òun ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ọ̀hún, kí ọkọ ẹ̀gbọ́n òun wá bá òun tú bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù láti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í pe Ìyá Fáìlì pé kó wá sọ fún àwọn bó ṣe fa ilé-iṣẹ́ wá. Ó dúró níwájú èèyàn bí ọgọ́rin nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, ó ní, "Mo ka ọkọ̀. Nígbà tí mi ò rí ọkọ̀, mo kọ òfo." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ó fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe àwàdà, àti pé òun ò mọ̀ bóyá ohun tó dáa ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pe ẹni tó kàn.

Ọjọ́ Àìkú kan ló lọ kí Máṣojo nílé rẹ̀ tuntun. Ilé náà kò jìnnà sí ilé-iṣẹ́ bisikíìtì. Àbúrò rẹ̀ fà á mọ́ra lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dárúkọ ọ̀pá irin. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù wá, wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ nípa iṣẹ́ àti ilé ìwé àwọn ọmọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, àjàgbé kan kọjá níta. Ìyá Fáìlì gbọ́ tí àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù ń kanra wọn, ṣín-ín-ṣín-ín-ṣín, omi inú ife ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣe róbótó-róbótó. Ó dá ọ̀rọ̀ dúró.

"Ẹ̀yin ò gbọ́ nǹkan kan?"

Máṣojo wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wò ó padà. "Nǹkan wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ilẹ̀ ń mì."

"Ha, ọkọ̀ wa ni," ni àbúrò rẹ̀ wí, inú rẹ̀ dùn. "Tí ẹ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Ọjọ́ tí kò bá mì ni a kì í lè sùn."

Ìyá Fáìlì rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó rí i pé inú àbúrò òun dùn lóòótọ́. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu omi náà tán kí àjàgbé mìíràn tó dé, ó sì ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.